Aró kò mú, wọ́n ń bú ìkòkò: Ibi tí ẹtù Ìsẹ́yìn ti ń pàdánù dúdú rẹ̀

Yorùbá máa ń sọ ọ́ pé aṣọ funfun ní í sunkún aró. Ní Ìsẹ́yìn lóde òní, ó fẹ́ẹ̀ jọ pé aró gan-an ló ń sunkún aṣọ. Ẹni tó bá rìn gba àdúgbò tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì nílùú náà yóò gbọ́ ìró òfì láti àárọ̀, yóò rí òwú tí wọ́n ta gbọọrọ sílẹ̀ níwájú àwọn ahunṣọ, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ wúrà tó ń dán yinrin. Ṣùgbọ́n bí ó bá bèèrè fún ẹtù gidi, èyí tí wọ́n fi ewé èlú pa láró nínú ìkòkò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìtàn àtijọ́ ni wọn yóò máa sọ fún un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èyí tó rí rà, tó bá fi lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, omi ìfọṣọ á dúdú, aṣọ á sì ṣí.

Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á di ẹ̀bi ru ahunṣọ. Ahunṣọ á ní òwú tí òun rà lọ́jà ni. Olówùú á ní kí wọ́n lọ bi aláró. Aláró ní tirẹ̀ kì í ní ẹni tí yóò nawọ́ sí, ìkòkò ló máa ń bú. Láyé àtijọ́, tí ìkòkò aró bá kọ̀ tí kò dáhùn, Ìyá Mọ̀pó ni àwọn aláró máa ń lọ bẹ̀, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, tí aláró àti amọ̀kòkò jọ ń bọ. Orúkọ yẹn náà ló wà lára òkè ńlá kan ní Ìgbẹ́tì, lókè lọ́hùn-ún nínú Òkè-Ògùn yìí kan náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ aró jẹ́ iṣẹ́ tí ojú kì í rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ dáadáa, ìkòkò kọ́ ló ń jẹ̀bi jù. Ohun tí wọ́n rì sínú rẹ̀ ni, ìyẹn òwú tàbí aṣọ, àti eérú tí wọ́n fi pò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí ẹtù jẹ́. Mẹ́ta ni àgbà nínú aṣọ òfì: sányán, àlàárì àti ẹtù. Òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun sányán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn. Àlàárì pupa. Ẹtù ni aláró, orúkọ ẹyẹ ẹtù ni wọ́n sì fi pè é, nítorí pé ìlà tín-ín-rín, funfun tàbí ayinrin, máa ń là á kọjá lórí dúdú bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ìyẹ́ ẹyẹ náà. Gbogbo iyì aṣọ yìí kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàrin dúdú àti ayinrin yẹn lọ. Bí dúdú kò bá dúdú tó, ìlà kò ní hàn. Bí aró bá sì bọ́ sára ìlà funfun, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra, aṣọ olóyè á wá dà bí aṣọ oko. Owó ahunṣọ wà nínú ìlà kékeré yẹn.

Ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí títí lọ dé Kìṣí, ilẹ̀ òwú ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ló ń ran òwú, àwọn ló ń rẹ ẹ́ láró, àwọn ọkùnrin ló ń hun ún lórí òfì. Ẹni tó ran òwú mọ ẹni tí yóò rẹ ẹ́, ẹni tó rẹ ẹ́ mọ ẹni tí yóò hun ún. Lónìí, òwú ilé iṣẹ́ ló kún ọjà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ti ní àwọ̀ lára kó tó dé. Ẹni tó hun ún kò mọ ẹni tó rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò

Ewé èlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n máa ń já. Wọ́n á gún un lódó, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ṣùṣù yìí ni wọ́n ń tà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ eérú. Wọ́n á da eérú igi tàbí eérú èèpo kòkó sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á gbé e ka orí òmíràn, wọ́n á wá máa da omi sí i lórí. Omi tó bá ń kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ní àwọ̀ bí ti tíì tí kò ní mílíìkì, òun ni wọ́n á kó ṣùṣù èlú sí. Wọ́n á dé e, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ìdí aró mọ òórùn tó máa ń jáde níbẹ̀, kò ṣe é fi wé nǹkan mìíràn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí ni pé aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Bí èèyàn bá gún èlú gbígbẹ, tó pò ó mọ́ omi tútù, tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, bí ìgbà tó fi ẹrẹ̀ pa aṣọ ni, á ṣàn kúrò. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú ìkòkò náà, wọ́n fẹ́ràn ooru, wọ́n sì fẹ́ràn omi eérú tó le níwọ̀nba. Àwọn ló ń mú kí aró bọ́ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó di omi tó pọ́n díẹ̀ tó sì jọ ewé. Omi yìí ló lè wọ inú òwú lọ. Tí wọ́n bá wá fa òwú jáde, tí afẹ́fẹ́ kàn án, aró á gba àwọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti há sínú òwú, kò lè jáde mọ́. Ìdí nìyí tí aṣọ fi ń jáde nínú ìkòkò bí ewé tútù, tí yóò sì di aró lójú ẹni kí èèyàn tó ka ọgọ́rùn-ún. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé idán ni.

Nítorí náà, ìkòkò tó dára kì í dúdú nísàlẹ̀. Èyí máa ń ya àwọn tí kò mọṣẹ́ lẹ́nu. Fọ́ọ́mù orí rẹ̀ lè máa dán bíi bàbà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi igbá bu omi abẹ́ rẹ̀, ó yẹ kó pọ́n díẹ̀ kó sì jọ ewé. Bí omi náà bá dúdú láti òkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́ jù ni, tàbí kó jẹ́ pé kò tíì tó àkókò. Ẹni tó bá ki òwú bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà yóò rí dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n dúdú orí ni, èyí tí yóò bọ́ sára ọrùn ẹni tó bá wọ aṣọ náà.

Afẹ́fẹ́ máa ń wọ ìkòkò tí wọ́n bá ń rò ó bí ẹni ń rokà, tàbí tí wọ́n bá ń ju òwú sí i láti òkè. Àwọn àgbà aláró kì í jù ú, ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́. Òtútù náà wà níbẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, oyẹ́ máa ń mú ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní débi pé ìkòkò tó dá dúró níta lè sùn fún ọjọ́ mélòó kan láìṣe nǹkan kan. Kò tíì kú. Ẹni tó bá bò ó dáadáa, tó gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń kan ara rẹ̀, tó ní sùúrù, yóò rí i pé ó tún jí. Àwọn mìíràn ti da ìkòkò rere nù nítorí oyẹ́.

Ti eérú ni kí ẹ fiyè sí jù. Eérú tí òjò ti pa kò ní agbára mọ́. Òjò ti fọ ohun tí aláró ń wá nínú rẹ̀ lọ, yanrìn lásán ló kù. Ahọ́n ni àwọn ìyá àtijọ́ fi máa ń wọn omi eérú, tó bá ta ahọ́n díẹ̀ tó sì ń yọ̀ láàrin ìka méjì, ó ti tó. Bí kò bá le, aró kò ní wọnú òwú. Bí ó bá le jù, àwọn kòkòrò inú ìkòkò á kú.

Òwú tó kọ omi

Ṣùgbọ́n ká gbà pé ìkòkò dára, eérú le, oòrùn wà. Aró ṣì lè kọ̀. Òwú tútù láti oko ní ọ̀rá tirẹ̀ lára, tí ojú kò rí. Aṣọ funfun tó ti ilé iṣẹ́ wá ní sítáàṣì tí wọ́n fi mú un le kó lè wu ẹni tó fẹ́ rà á. Méjèèjì kò ní jẹ́ kí omi aró wọlé. Aró á dúró síta bí àlejò tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún. Ìdánwò rẹ̀ kò ju kíkán omi kan ṣoṣo sórí aṣọ gbígbẹ lọ. Bí omi náà bá wọlé kíá, aṣọ ti ṣe tán. Bí ó bá dúró roboto lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, kí wọ́n dá a padà sórí iná, kí wọ́n fi ọṣẹ sè é fún bíi wákàtí kan, kí wọ́n fi omi ṣàn án dáadáa kó tó kan ìkòkò. Kó sì wà ní tútù nígbà tí wọ́n bá ń kì í bọ̀ ọ́, nítorí aṣọ gbígbẹ ló máa ń ní àbàwọ́n, ibì kan á dúdú, ibì kan á ràn bí ẹni tí làpálàpá ń ṣe.

Èyí tó burú jù ni òwú tí kì í ṣe òwú. Púpọ̀ nínú èyí tó ń dán lọ́jà, ọ̀rá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà àti ike. Kò sí ìkòkò èlú tó lè rẹ ìyẹn láró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Mọ̀pó fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Ẹ fi iná kan ẹ̀kún rẹ̀. Òwú gidi á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á rọ̀, á fẹ́ lọ. Tọ̀hún á yọ́, á ká jọ, á di kóró líle dúdú tí kò ṣe é fi ọwọ́ tẹ̀ fọ́. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣáná kan lọ, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra òwú fún ẹtù máa ṣe é kó tó sanwó.

Àṣìṣe mìíràn ni ìkánjú. Àwọn kan rò pé bí aṣọ bá sùn nínú ìkòkò mọ́jú, yóò dúdú ju èyí tó wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́, kí wọ́n fà á jáde kí afẹ́fẹ́ kàn án títí yóò fi yí tán, kí wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ á fún wọn ní ayinrin. Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ni yóò máa sún mọ́ dúdú, títí tí yóò fi fẹ́ máa pọ́n lójú oòrùn. Ibẹ̀ ni ẹtù wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, wọ́n á sì fi igi lù ú kó lè dán.

Funfun tó di ayinrin

Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ìdàkejì ìṣòro yìí. Ní tiwọn, kì í ṣe dúdú ló ń kọ̀, funfun ni kì í fẹ́ dúró. Láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, tí wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà rẹ̀ sára aṣọ, tàbí tí wọ́n á gbé páánù tí wọ́n gé ọnà sí lé aṣọ lórí, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ náà gba orí rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò gbọdọ̀ débẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, aró á yọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Bí kò bá gbẹ tán kó tó wọ ìkòkò, á rọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi eérú á tú u, òpó Mápó á di ìkùukùu. Ohun tó ń wo ọ̀kan sàn ló ń wo èkejì: kí wíwọ̀ ìkòkò kúrú, kó sì pọ̀, kí aṣọ máa gbẹ láàrin.

Ọ̀rọ̀ aró tó ń ṣí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní orílẹ̀-èdè Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n ṣe látinú kẹ́míkà, kò pẹ́ tó fi dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú sódà tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ọjà àdìrẹ dojú rú ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ní sódà àti aró òyìnbó ló ba aṣọ jẹ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn ìyá aláró kò sì gbà. Ní ọdún 1936, ọ̀rọ̀ náà di ariwo ńlá láàrin ààfin, àwọn aláró àti ìjọba òyìnbó. Òpìtàn Judith Byfield kọ ìwé odidi kan lórí rẹ̀, èyí tó jáde ní ọdún 2002. Ohun tó yẹ ká rí níbẹ̀ ni pé aró tó ti Jámánì wá yẹn, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú èlú. Àṣìlò àti ìkánjú wà lára ohun tó lè ba aṣọ jẹ́, ẹni tó kánjú rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré lè rí i pé ó ṣí, yálà èlú ló lò tàbí kẹ́míkà.

Ẹni tó bá ń lo sódà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe omi eérú o. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó ń jó ara, ó ń fọ́ ojú, ó sì ti pa ọmọdé tó ṣèèṣì mu ún. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe pàtàkì, sódà ni wọ́n sì ń dà sínú omi, kì í ṣe omi ni wọ́n ń dà lé sódà.

Aró orí ìwé

Aró mìíràn wà tí oòrùn ń ṣe, ìṣòro tirẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ jọ ti ẹtù bí ìbejì. Ní ọdún 1842, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Herschel, rí i pé bí èèyàn bá po iyọ̀ irin méjì kan pọ̀, tó fi kun ìwé níbi tí kò mọ́lẹ̀, tó gbé ewé lé e, tó wá sá a sóòrùn, ibi tí oòrùn bá kàn á di aró, ibi tí ewé bò á sì funfun nígbà tí wọ́n bá fi omi ṣàn án. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Anna Atkins bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà yìí ya àwòrán ewé inú òkun sínú ìwé. Kí ẹ̀rọ ìdàwékọ tó gbòde, báyìí náà ni àwọn awọnlẹ̀ àti oníṣẹ́ reluwé ṣe ń ṣe ẹ̀dà àwòrán ilé àti ti afárá, ìlà funfun lórí ìwé aláró. Òun ni òyìnbó ń pè ní blueprint.

Àwọn tó ṣì ń ṣe é, olùkọ́ àti ayàwòrán, máa ń pariwo pé àwọ̀ náà kò dúdú, tàbí pé funfun rẹ̀ kò mọ́. Wọ́n á bú kẹ́míkà, bí aláró ṣe ń bú ìkòkò. Ìwé ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìwé òde òní ni wọ́n ti po ẹfun mọ́ kó lè funfun kó sì pẹ́, irú ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú òkúta mábù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì. Ẹfun yìí ló ń jẹ aró náà. Eérú àti ọṣẹ náà ń jẹ ẹ́. Ibi tí ìbejì méjèèjì ti yàtọ̀ nìyí: omi eérú tó ń mú aró èlú dúdú ló ń pa aró orí ìwé. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ tàbí finígà nínú omi tí wọ́n fi ń ṣàn án ló máa ń gbà á. Bí oòrùn kò bá kàn án pẹ́ tó, gbogbo àwọ̀ á ṣàn lọ nínú omi. Bí ó bá pẹ́ jù, funfun á di ayinrin. Kí wọ́n gé ìwé kan sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n sá ìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìkan fún mẹ́wàá, ìkan fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n mú èyí tó dára jù. Oòrùn Ṣakí tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì bá irú ìwé aláró àtijọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó má fi ọṣẹ kàn án, kó má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Èyí tó ti ń ṣí nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń gba díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀ padà bí wọ́n bá gbé e sínú òkùnkùn.

Ní ti èlú, ọ̀nà kò tíì dí pátápátá. Ní Òṣogbo, Olóyè Nike Òkúndayé dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kọ́ àdìrẹ níbẹ̀. Igi èlú ṣì ń hù, òwú kò tíì kọ ilẹ̀ ọ̀dàn, òfì Ìsẹ́yìn kò sì dákẹ́. Àwọn ìyá tí ahọ́n wọn lè wọn omi eérú ló ń dín kù, àwọn ọmọ wọn kò sì jókòó tì wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹtù lọ́la, kó mú áńkáṣíìfù funfun kan dání lọ sọ́jà. Kó fi omi rẹ etí rẹ̀ díẹ̀, kó fi nu ojú aṣọ náà dáadáa níbi tó dúdú jù. Bí áńkáṣíìfù bá ṣe bí ẹni tàbùkù díẹ̀, kò burú, ẹtù tuntun máa ń tú díẹ̀. Bí ó bá di dúdú, aró orí ni. Aláró tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò na igun mìíràn sí i pé kó tún nu ibẹ̀ wò.